Bí Ìyà Bá Fúyẹ́ Ju Ẹ̀ṣẹ̀ Lọ, Ta Ni Yóò Pe Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn?

Níbi ìpàdé wọ́ọ̀dù kan tí ẹgbẹ́ wa ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́ láìpẹ́ yìí, bàbá àgbẹ̀ kan dìde, ó ṣí fìlà, ó sì bi wá ní ìbéèrè kan tí ó mú kí gbogbo ilé pa rọ́rọ́. Ó ní: "Ẹ̀yin akọ̀wé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lóye. Bí adájọ́ bá rán ènìyàn lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá, tí onítọ̀hún sì ní ìyà náà pọ̀ jù, a ń gbọ́ pé lọ́yà rẹ̀ a gbé ẹjọ́ lọ sí Ìbàdàn, a sì tún gbé e dé Àbújá. Ṣùgbọ́n bí olè bá kó kajú mi tán lóko, tí adájọ́ sì ní kí ó san owó ìtanràn tí kò tó owó àpò kajú kan, ta ni yóò gbé tèmi lọ?"

Ẹnìkan dáhùn láti ẹ̀yìn pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe, kí bàbá gba kádàrá. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà sì sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé táyà àti epo bẹntiróòlù ni ilé ẹjọ́ tí kì í tan ni jẹ. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àwa kò rẹ́rìn-ín. Ìdí rẹ̀ nìyí tí a fi gbé ọ̀rọ̀ náà wá sí ojú ìwé yìí lọ́sẹ̀ yìí, nítorí pé ìdáhùn méjèèjì ni kò dára: ti ẹni tí ó ní kí bàbá gba kádàrá, àti ti ẹni tí ó fẹ́ dáná sun ọmọ ènìyàn ní ojú pópó.

Ó yẹ kí olúkúlùkù mọ̀ pé nínú ẹjọ́ ọ̀daràn, kì í ṣe ẹni tí a jà lólè ni ó ni ẹjọ́. Ìjọba ni ó ni ín. Ẹlẹ́rìí ni bàbá tí a kó kajú rẹ̀ jẹ́ lójú òfin. Bí ó bá ti sọ ohun tí ó rí tán, tí ó sọ̀ kalẹ̀ nínú àpótí ẹlẹ́rìí, ẹnu rẹ̀ ti kúrò níbẹ̀. Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999 fi agbára ìpẹjọ́ sí ọwọ́ Agbẹjọ́rò Àgbà, ti ìjọba àpapọ̀ ní abala 174, ti ìpínlẹ̀ ní abala 211. Òun ni ó lè bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́, òun ni ó lè gba ẹjọ́ tí ẹlòmíràn bẹ̀rẹ̀ ṣe, òun náà ni ó sì lè dá ẹjọ́ dúró. Òfin náà pàṣẹ fún un pé, bí ó ti ń lo agbára yìí, kí ó máa wo ire àwọn ará ìlú, kí ó máa wo òdodo, kí ó sì ṣọ́ra kí a má ṣe lo ilé ẹjọ́ ní ìlòkulò.

Ọ̀nà Kòtẹ́milọ́rùn kì í sì í ṣe ti ẹlẹ́wọ̀n nìkan, bí ọ̀pọ̀ nínú wa ti rò. Ìjọba náà lè gbà á. Láti Ilé Ẹjọ́ Gíga sí Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn, ọjọ́ 90 ni òfin fún ẹni tí ìdájọ́ ẹjọ́ ọ̀daràn kò bá tẹ́ lọ́rùn láti kéde pé òun yóò tẹ̀síwájú. Òfin tí ó ń darí Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn sì sọ ọ́ gbangba pé, bí ẹjọ́ tí a gbé wá bá jẹ́ lórí ìyà, tí àwọn adájọ́ ibẹ̀ sì rí i pé ìyà mìíràn ni ó tọ́, wọ́n lè pa ti àkọ́kọ́ rẹ́, kí wọ́n sì fi òmíràn tí òfin gbà rọ́pò rẹ̀, ìbáà wúwo jù ú lọ, ìbáà fúyẹ́ jù ú lọ. Nítorí náà, bàbá, ẹni tí yóò gbé tiyín lọ wà. Bóyá ó ń gbé e lọ ni ọ̀rọ̀ tí ó kù.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe rò pé àwọn adájọ́ àgbà wọ̀nyí kàn máa ń jókòó, kí wọ́n wo ìyà tí adájọ́ kékeré fi jẹ ẹnìkan, kí wọ́n sì sọ pé, "Bí ó bá jẹ́ èmi ni, mà bá bù ú kún." Wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì yẹ kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Adájọ́ tí ó gbọ́ ẹjọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ó rí ojú ọ̀daràn, òun ni ó rí ẹlẹ́rìí bí ó ti ń làágùn, òun ni ó mọ̀ bí ẹni náà bá ti jẹ̀bi rí tàbí kò jẹ̀bi rí. Òfin fi àyè sílẹ̀ fún un láti fi òye ara rẹ̀ díwọ̀n ìyà láàárín ibi tí òfin fi pààlà sí. Ẹ wo ọ̀ràn náà bí kóńgò tí a fi ń wọn gàrí ní ọjà Ọ̀yọ́. Ìyá kan lè wọn tirẹ̀ kí ó ga ṣóńṣó, ìyá mìíràn lè fi ọwọ́ gbá orí rẹ̀ kí ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ìyàtọ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n a kò lè tìtorí èyí pe olórí ọjà. Ìgbà tí a bá ká kóńgò tí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọnú mọ́ ẹnìkan lọ́wọ́ ni olórí ọjà a dìde. Bákan náà ni ti Kòtẹ́milọ́rùn. Àwọn adájọ́ ibẹ̀ kì í fọwọ́ kan ìyà tí ẹlòmíràn dá, àfi bí ó bá hàn gbangba pé ó kéré jù tàbí ó pọ̀ jù, tàbí pé adájọ́ náà tẹ̀lé ìlànà tí kò tọ́, tàbí pé ó fojú fo ohun tí ó yẹ kí ó wò.

Ẹjọ́ kan wà tí a gbọ́dọ̀ rántí dáadáa, nítorí pé gbogbo ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú ọ̀ràn yìí ni ó kó sínú. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2013, ní Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Àbújá, ọ̀gá òṣìṣẹ́ kan ní ọ́fíìsì owó ìfẹ̀yìntì àwọn ọlọ́pàá, John Yakubu Yusufu, gbà pé òun jẹ̀bi ẹ̀sùn mẹ́ta lórí owó tí ó ju bílíọ̀nù 20 náírà lọ. Ẹ rò ó wò: owó ọlọ́pàá tí ó ti fi ọgbọ̀n ọdún dúró nínú òjò àti ọ̀gìnniìntìn, owó opó rẹ̀, owó oògùn rẹ̀ lọ́jọ́ ogbó. Adájọ́ Abubakar Talba dá ẹ̀wọ̀n ọdún 2 fún un lórí ẹ̀sùn kọ̀ọ̀kan, ó sì fún un láyè láti san 250,000 náírà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan dípò ẹ̀wọ̀n. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 750,000 náírà. Ọkùnrin náà san án lójú ẹsẹ̀. Òótọ́ ni pé ilé 32 àti mílíọ̀nù 325 náírà bọ́ sí ọwọ́ ìjọba lára ohun ìní rẹ̀, a kò gbọdọ̀ fi èyí pamọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo orílẹ̀-èdè ké gbàjarè. Kí oṣù kẹrin ọdún náà tó parí, Ìgbìmọ̀ Ètò Ìdájọ́ ti Orílẹ̀-èdè ti ní kí adájọ́ náà lọ jókòó sílé fún oṣù 12 láìgba owó oṣù.

Bí a bá fi mọ bẹ́ẹ̀, kí ni ì bá jẹ́ èrè rẹ̀? Fífi ìyà jẹ adájọ́ kò fi ọjọ́ kan kún ẹ̀wọ̀n ẹni tí ó jẹ owó. Àjọ EFCC, tí ó pe ẹjọ́ náà, ni ó ṣe ohun tí ó yẹ: ó gba Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn lọ. Ní oṣù kẹta ọdún 2018, àwọn adájọ́ Kòtẹ́milọ́rùn ní Àbújá yí ìdájọ́ náà padà. Wọ́n ní kí ó lọ ṣe ẹ̀wọ̀n ọdún 6, kí ó sì san bílíọ̀nù 22.9 náírà.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbi ọdún 6 yìí, nítorí pé àwọn kan ń bèèrè pé kí ló dé tí kì í fi í ṣe 20. Abala 309 nínú ìwé òfin ọ̀daràn tí wọ́n ń lò ní ilẹ̀ Àríwá àti Àbújá ni àjọ náà gbé ẹjọ́ kà. Ohun tí abala náà sọ ni pé ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ọdún 2 lọ, tàbí owó ìtanràn, tàbí méjèèjì pọ̀. Àwọn adájọ́ Kòtẹ́milọ́rùn kò lè fo ògiri tí òfin mọ. Ọdún 2 ni ẹ̀sùn kọ̀ọ̀kan lè gbà, ẹ̀sùn sì jẹ́ mẹ́ta. Ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ wọn ni láti mú àyè owó ìtanràn kúrò, kí wọ́n sì ní kí a ka ẹ̀wọ̀n náà ọ̀kan lẹ́yìn èkejì títí yóò fi pé 6. Nítorí náà, nígbà tí gbogbo ènìyàn ń na ìka sí Adájọ́ Talba ní ọdún 2013, ìka méjì mìíràn yẹ kí ó nà sí ibòmíràn: ọ̀kan sí àwọn aṣòfin tí wọ́n fi òfin tí ó ní ọdún 2 lórí ṣílè kan àti lórí bílíọ̀nù kan sílẹ̀ láìtún un ṣe, èkejì sí àwọn olùpẹjọ́ tí wọ́n wá abala tí ó fúyẹ́ bẹ́ẹ̀ lò. Ní ìhà tiwa níhìn-ín, níbi tí a ti ń lo ìwé òfin ọ̀daràn ti Gúúsù, abala 390 fi ọdún 3 sí olè lásán, ó sì fi 7 sí òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó jí ohun ìní ìjọba. Òun náà kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ó ju 2 lọ.

Ẹ má sì gbàgbé iye àkókò tí ó gbà. Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2013 títí di oṣù kẹta ọdún 2018 ju ọdún márùn-ún lọ. Àwọn ọlọ́pàá tí ó ti fẹ̀yìn tì, tí ọ̀ràn náà kàn, ẹ lè fojú inú wò ó, gbogbo wọn kọ́ ni ó wà láàyè láti gbọ́ ọ.

Ọ̀ràn kan tún wà tí ó sún mọ́ ilé ju èyí lọ. Láti ìgbà tí EFCC ti ní ẹ̀ka sí Ìbàdàn ni a ti ń gbọ́ pé wọ́n kó àwọn ọ̀dọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n kó wọn ní Ọ̀yọ́, lórí ẹ̀sùn jìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì. A ń rí i nínú ìwé ìròyìn pé ilé ẹjọ́ ní Ìbàdàn dá ẹ̀wọ̀n oṣù díẹ̀ fún wọn, tàbí pé wọ́n ní kí wọ́n lọ ṣe iṣẹ́ ìlú, kí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àti ẹ̀rọ wọn sì di ti ìjọba. Àwọn òbí tí ọmọ tiwọn ń ro oko tàbí ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ a máa fi èyí bú adájọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó jẹ́ pé olùpẹjọ́ fúnra rẹ̀ ni ó bá olùjẹ́jọ́ dúnàádúrà: "Gbà pé o jẹ̀bi, dá owó padà, àwa náà yóò fi ẹ̀sùn tí ó fúyẹ́ kàn ọ́." Òfin Ìṣàkóso Ẹjọ́ Ọ̀daràn ti ọdún 2015 fi ọwọ́ sí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀. Ó ní àǹfààní, a kò sẹ́. Ó ń gba owó àwọn tí a lù ní jìbìtì padà, ó sì ń dín ẹjọ́ kù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ta ẹṣin ní owó pọ́ọ́kú, ojú wo ni yóò fi lọ sí ilé ẹjọ́ láti sọ pé owó náà kò tó? Bí a bá fẹ́ kí ìyà tó, ibi ìdúnàádúrà ni kí a kọ́kọ́ wò, kí a tó dé ọ̀dọ̀ adájọ́. Gbogbo ènìyàn ṣì rántí pé ní oṣù kejìlá ọdún 2008, irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ni ó mú kí gómìnà Ìpínlẹ̀ Edo tẹ́lẹ̀ rí, Lucky Igbinedion, san mílíọ̀nù 3.5 náírà, kí ó sì máa lọ sílé.

Wàyí o, a mọ̀ pé àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa yóò máa wo ojú wa pẹ̀lú ìyàlẹ́nu. Ṣé àwa ni a ó wá máa bẹ ìjọba pé kí ó fi kún ìyà? Ẹgbẹ́ tí àwọn bàbá rẹ̀ nínú ìjà òmìnira fi ẹ̀wọ̀n ṣe ilé? Ìbéèrè náà tọ́, a kò sì ní fi ẹ̀tàn dá a lóhùn. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán Herbert Macaulay lọ sí ẹ̀wọ̀n ní 1913, ó tún rán an lọ ní 1928. Ní 1945, nígbà tí Anthony Enahoro kò ju ọmọ ọdún 22 lọ, ó lọ sí ẹ̀wọ̀n nítorí ohun tí ó kọ sínú ìwé ìròyìn. Lẹ́yìn òmìnira ńkọ́? Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1963, ọdún 10 ni wọ́n dá fún Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Èkó. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí kì í fi ọwọ́ lásán wá ẹja nínú ihò. Bí a bá fún Agbẹjọ́rò Àgbà ní okùn láti máa lé ọmọ ènìyàn láti ilé ẹjọ́ kan dé òmíràn títí ìyà yóò fi tẹ́ ẹ lọ́rùn, kì í ṣe olè kajú nìkan ni yóò fi okùn náà dè.

Ìdí rẹ̀ gan-an nìyí tí ọgbọ́n àwọn adájọ́ Kòtẹ́milọ́rùn fi ṣe pàtàkì. Àwọn ni ògiri tí ó wà láàárín ìbínú ìjọba àti ọrùn olùjẹ́jọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2018, ìyẹn oṣù mẹ́jọ péré lẹ́yìn tí wọ́n fi kún ìyà Yusufu, Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn kan náà dín ìyà àwọn gómìnà méjì tẹ́lẹ̀ rí kù. Ti Joshua Dariye ti Plateau sọ̀ kalẹ̀ láti ọdún 14 sí 10, ti Jolly Nyame ti Taraba láti 14 sí 12, nítorí pé kò yẹ kí a fi òpin ìyà tí òfin gbà jẹ ẹni tí kò tíì jẹ̀bi rí. Wọ́n fi owó ìtanràn kún ti Nyame, ṣùgbọ́n ní oṣù kejì ọdún 2020, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ fi ọwọ́ sí ọdún 12 náà, ó sì mú owó ìtanràn náà kúrò. Ẹ rí i bí ilé ẹjọ́ kan ti ń yẹ ìwọ̀n èkejì wò. Inú bí ọ̀pọ̀ ènìyàn nígbà náà, inú bí àwa náà. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tí ó gba ìjọba láyè láti wọlé ni ó gba ẹlẹ́wọ̀n láyè láti jáde, a kò sì lè ti ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ kí a ṣí èkejì sílẹ̀. Ohun tí ó dùn wá jù nínú ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì kì í tilẹ̀ í ṣe ti ilé ẹjọ́: ní oṣù kẹrin ọdún 2022, Ààrẹ Muhammadu Buhari fi orí jì wọ́n, wọ́n sì jáde ní ẹ̀wọ̀n. Kò sí Kòtẹ́milọ́rùn tí a lè gbé ìdáríjì Ààrẹ lọ.

Ará Ògbómọ̀ṣọ́ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé òṣèlú lè sọ ìdájọ́ di asán. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1963, Ìgbìmọ̀ Ọba ní Lọ́ńdọ́nù, tí ó jẹ́ òpin ẹjọ́ fún Nàìjíríà nígbà náà, dá Alhaji Dáúdà Adégbẹ́nrò láre nínú ẹjọ́ òun àti ọmọ ìlú wọn, Olóyè Ládòkè Akíntọ́lá. Àwọn aṣòfin Ìwọ̀-oòrùn sáré tún òfin kọ, wọ́n sì ní kí ó ti ẹ̀yìn wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ìdájọ́ náà kò sì mú ohunkóhun wá. Kò kan ọ̀rọ̀ olè, a mọ̀. Ṣùgbọ́n a kò lè sọ̀rọ̀ Kòtẹ́milọ́rùn ní Ògbómọ̀ṣọ́ kí a fo ọdún 1963.

Níbi tí òfin kò bá sì fi àyè kankan sílẹ̀ fún òye adájọ́, ohun tí ó ń ti ibẹ̀ jáde tún burú ju ìyà tí ó fúyẹ́ lọ. Ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ní ọdún 2014, wọ́n dá ikú fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan lórí ẹ̀sùn ìdigunjalè, adìyẹ àti ẹyin sì wà lára ohun tí a ní ó kó. Òfin ìdigunjalè kò mọ adìyẹ yàtọ̀ sí wúrà. Bí ìbọn bá ti wà nínú ẹ̀sùn, tí ẹ̀bi sì ti jẹ́ òótọ́, ikú ni. Adájọ́ kò lè sọ ọ́ di ọdún márùn-ún. Ó di oṣù kejìlá ọdún 2024 kí Gómìnà Adémọ́lá Adélékè tó fi orí jì í, lẹ́yìn tí gbogbo ayé ti pariwo. Ẹ fi ti ọmọ yìí sí ẹ̀gbẹ́ ti ẹni tí ó san 750,000 náírà, kí ẹ sì sọ fún wa bóyá kóńgò kan náà ni wọ́n fi wọn àwọn méjèèjì.

Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ti bá ọ̀ràn yìí jà ṣáájú wa. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìjọba kò ní ẹ̀tọ́ láti pe ẹjọ́ lórí ìyà tí ó fúyẹ́ títí di ìgbà tí wọ́n ṣe òfin rẹ̀ ní 1988. Láti ìgbà náà ni Agbẹjọ́rò Àgbà wọn ti lè gbé irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ lọ sí Kòtẹ́milọ́rùn láàárín ọjọ́ 28, fún àwọn ẹ̀ṣẹ̀ ńláńlá nìkan. Ohun tí ó dára jù níbẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni lè kọ̀wé sí i pé, "Ẹ wo ìdájọ́ yìí," ìbáà jẹ́ ẹni tí a ṣẹ̀, ìbáà jẹ́ ẹni tí ó kà á nínú ìwé ìròyìn. Kì í ṣe dandan kí ó gbà, ṣùgbọ́n dandan ni kí ó wò ó. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn adájọ́ ibẹ̀ sì fi máa ń yọ díẹ̀ kúrò nínú ohun tí wọn ì bá dá, nítorí pé ìrora ni fún ènìyàn láti dúró gba ìdájọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ní ilẹ̀ South Africa pẹ̀lú, ọdún 6 ni adájọ́ dá fún olùsáré nì, Oscar Pistorius, ní oṣù keje ọdún 2016 nítorí ikú obìnrin tí ó yìnbọn pa. Àwọn olùpẹjọ́ ìjọba kò gbà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2017, ilé ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn wọn ní ọdún 15 ni ó yẹ, wọ́n yọ àkókò tí ó ti lò kúrò, ó sì ku ọdún 13 àti oṣù 5. Kò gbà wọ́n tó ọdún kan àbọ̀. Àwa lo ju ọdún márùn-ún.

Nítorí náà ohun tí a ń bèèrè lọ́wọ́ Agbẹjọ́rò Àgbà Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kì í ṣe pé kí ó máa gbé gbogbo ẹjọ́ lọ sí Kòtẹ́milọ́rùn. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, yóò fi ẹjọ́ kún ilé ẹjọ́ tí ó ti kún. Ẹ rántí ọgbà ẹ̀wọ̀n Abólóńgò ní Ọ̀yọ́: nígbà tí àwọn agbébọn fọ́ ọ ní oṣù kẹwàá ọdún 2021, àwọn tí ó sá jáde ju 800 lọ, àwọn tí ẹjọ́ wọn kò tíì parí rárá sì ni wọ́n. Àwọn wọ̀nyí kò tíì rí ìdájọ́ kan, kí a tó sọ̀rọ̀ ìdájọ́ kejì. Ohun tí a ń bèèrè ni pé kí ọ́fíìsì rẹ̀ ní Ìbàdàn ṣí ìwé kan sílẹ̀, níbi tí a ó ti máa kọ gbogbo ìyà tí Ilé Ẹjọ́ Gíga bá dá ní Ọ̀yọ́, ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti níbi gbogbo ní ìpínlẹ̀ yìí lórí ìfipábánilòpọ̀, ìjínigbé, ìpànìyàn àti jíjẹ owó ìlú; kí ẹnìkan jókòó wò wọ́n kí ọjọ́ 90 tó pé; kí ó sì sọ fún ẹni tí a ṣẹ̀, ní èdè tí ó gbọ́, bóyá ìjọba yóò tẹ̀síwájú tàbí kò ní tẹ̀síwájú, àti ìdí rẹ̀. Bí ó bá ní òun kò ní tẹ̀síwájú, a lè má fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n a ó mọ̀ pé a wò ó. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ 90 ni ó ń kọjá láìsí ẹni tí ó kà á.

A sì ń bèèrè lọ́wọ́ àwọn aṣòfin wa, ti Ìbàdàn àti ti Àbújá, kí wọ́n tún àwọn abala tí ó ti gbó wọ̀nyí wò, kí ìyà olè lè bá ohun tí ó jí mu. Èyí ti pẹ́ jù.

Ọ̀rọ̀ kù sí ọ̀dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà. Àbúrò, ẹni tí ẹ bá dáná sun kò ní Kòtẹ́milọ́rùn. Bí ẹ bá ṣi ènìyàn mú, kò sí adájọ́ tí yóò yí i padà ní Ìbàdàn tàbí ní Àbújá. Ìwọ tí o ń bú adájọ́ pé kò fi ara balẹ̀, ìwọ fúnra rẹ fẹ́ dá ẹjọ́ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Àti ẹ̀yin bàbá wa tí ẹ béèrè ọ̀rọ̀: ẹjọ́ tiyín jẹ́ ti ilé ẹjọ́ Májísíréètì, Ilé Ẹjọ́ Gíga ni ó sì yẹ kí ìjọba gbé e lọ, kì í ṣe Kòtẹ́milọ́rùn tààrà. Àkókò rẹ̀ ń lọ, nítorí náà ẹ má ṣe fi falẹ̀ rárá. Ẹ lọ sí ọ̀dọ̀ akọ̀wé ilé ẹjọ́, kí ẹ béèrè ẹ̀dà ìdájọ́ náà. Ẹ kọ iye àpò kajú tí wọ́n kó sílẹ̀, àti iye tí wọ́n ń ra àpò kan lọ́jà lọ́dún náà, kí ẹni tí ó jẹ́rìí pẹ̀lú yín fi ọwọ́ sí i. Bí ẹ kò bá lè kọ ọ́, ẹ mú un wá sí ọ́fíìsì ẹgbẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Akọ̀wé ibẹ̀ yóò bá yín kọ lẹ́tà sí Olùdarí Ìpẹjọ́ ní Ìbàdàn láìgba kọ́bọ̀. Àwọn ará Ọ̀yọ́ náà lè ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọ́fíìsì tiwọn. A ó sì tẹ èsì tí ìjọba bá fún wa jáde ní ojú ìwé yìí, ìbáà dùn, ìbáà korò.